Ọ̀rọ̀ "atẹ̀yíhùnpadà": ta ló yẹhùn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo ilé o.

Àbúrò wa kan kọ ọ́ síbí lánàá pé òun ti rí orúkọ fún pẹ́dà, àpótí kékeré tí àwọn onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ìró gìtá padà kó tó dé ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ìró náà ga. "Atẹ̀yíhùnpadà" ló pè é. Ámúpù fúnra rẹ̀, ó ní ká máa pè é ní "amóhùngbòòrò". Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "a" iwájú yẹn. Apẹja ló ń pẹja, amòfin ló mòfin. Ta wá ni atẹ̀? Onígìtá tó ń fẹsẹ̀ tẹ nǹkan ni. Látọjọ́ tí pẹ́dà kan tó ń jẹ́ Maestro FZ-1 ti dé ọjà ní 1962 ni wọ́n ti ń tẹ àpótí yìí mọ́lẹ̀. Kò fìgbà kan tẹ ẹnikẹ́ni padà. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀, "à" ló ń gbé e wá: àtẹ̀jáde, àtẹ̀jíṣẹ́. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan péré, òun ló ya ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìyẹn kéré. "Yíhùn padà" gan-an ni mi ò lè gbé mì. Létí bàbá tó tọ́ mi, ẹni tó yí ohùn padà ni ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ. Ẹ wá ka gbólóhùn tí àbúrò wa fi ṣe àpẹẹrẹ: "So atẹ̀yíhùnpadà mọ́ amóhùngbòòrò." Bí ẹni pé ajigbèsè kan ni wọ́n fẹ́ dè mọ́ òpó!

Ìró ni ti gìtá. Ìró agogo, ìró ìbọn, ìró ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dìde pé gángan ń fọhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń fi awọ pè. Ọjọ́ tí gìtá bá ki oríkì yín tí ẹ dá a mọ̀, ẹ pè mí.

Àtẹ̀yíró ni mo fi lélẹ̀ fún pẹ́dà, àti agbéróga fún ámúpù. Ẹ ṣọ́ra fún àmì abẹ́ o! Ẹ fi sí "o" tó kẹ́yìn àtẹ̀yíró, irọ́ lẹ máa yí. Mo ti fi iṣẹ́ dán méjèèjì wò:

"Rẹ ìró agbéróga sílẹ̀ pátápátá kó o tó ki wáyà kankan bọ̀ ọ́, kó má bàa dún gbàù. Wáyà tó ti ara gìtá wá, ihò ọ̀tún àtẹ̀yíró ló sábà máa ń wọ̀. Ti òsì ló ń lọ sínú agbéróga. Tí àtẹ̀yíró bá ju ẹyọ kan lọ, fa òsì ti àkọ́kọ́ wọ ọ̀tún ti èkejì."

Ẹ kíyè sí i pé "kì bọ̀" ni mo lò, mi ò lo "so". Okùn là ń so. Ẹnu wáyà yìí, ihò ló ń wọ̀, àti pé nínú èyí tó ń lo bátìrì, wíwọ̀ yẹn gan-an ló ń tan iná rẹ̀. Mo gbàgbé wáyà sínú ihò ọ̀tún mọ́jú nígbà kan. Ọwọ́ mi ò kan gìtá rárá, síbẹ̀ bátìrì fólítì 9 tuntun ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. "So" ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ẹni tó tún ní ká pe pẹ́dà tó ń dá ìró padà ní "adáhùnpadà" dá mi lágara. Gbohùngbohùn dà? Ìyá mi àgbà ò mọ̀ ọ́n sí nǹkan míì ju ohun tó ń dá èèyàn lóhùn láti ara òkè. Àwa la gbà á lọ́wọ́ òkè tá a fi sọ máìkì. Ẹ jẹ́ ká gbà á padà. Ẹ̀yìn ló sì yẹ kó wà, níhà agbéróga, kí pẹ́dà tó ń mú ìró há wà níwájú rẹ̀, níhà gìtá. Tí ẹ bá to wọ́n sódì, gbogbo ìdáhùn òkè ni yóò há mọ́ra wọn, ẹ ò ní mọ èyí tí ìka ta yàtọ̀ sí èyí tó ń padà bọ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo gba "à", ẹ̀bi mi ni. Àmọ́ "ìró" yín yẹn ò tíì wọ̀ mí létí. Kí ló máa ń há? Ohùn ni. Mi ò gbọ́ "ìró há" rí láyé mi, àfi lẹ́nu yín nísinsìnyí.

Pátákó tá a ń to àwọn àpótí yìí lé ńkọ́? Mo fẹ́ pè é ní àtẹ, torí a ń pàtẹ wọn ni. Ṣùgbọ́n "àtẹ àtẹ̀yíró", ahọ́n á kọsẹ̀.

---

Àbúrò, o ṣeun. Àtẹ dáa gan-an, jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ahọ́n tó bá kọsẹ̀ láàárín àtẹ àti àtẹ̀, àmì ohùn ni kò kọ́. Ní ti "há", mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Má tíì yọ̀.