Èsì: Ẹ jẹ́ kí "pẹja" máa jẹ́ "pẹja", "tú sílẹ̀" ló yẹ ká bi léèrè

Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Alabama ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ wọn wọ ẹgbẹ́ apẹja ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, wọ́n ń díje lórí ẹja báàsì (bass, ẹja odò àti adágún kan ní Amẹ́ríkà), wọ́n sì fún àwọn òbí ní ìwé òfin: bí a ṣe ń di ẹja mú, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí apẹja kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ìyá wọn tó wá bá wọn gbé lè mọ ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jí lọ ṣe ní ìdájí Sátidé. Bàbá Olùkọ́ dáhùn pé ká má lo "pẹja" rárá, nítorí "pa" wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja yìí, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó kú: wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tú u sómi láàyè. Wọ́n ní ká máa wí pé "mẹ́ja", kí ẹni tó ń ṣe é sì máa jẹ́ "amẹ́ja". Wọ́n fi kún un pé bí a bá fẹ́ túmọ̀ ohun tí Ray Scott, baba ìdíje báàsì ní Amẹ́ríkà, ń kéde ní 1972 ("Don't Kill Your Catch"), "Ẹ má pa ẹja tí ẹ pa" ni yóò dà.

Bàbá, ẹ ṣeun. Gbólóhùn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò sì kú. "Pa" inú "pẹja" ti rìn jìnnà sí ọ̀bẹ tipẹ́. Ẹni tó pàlọ́ kò gún àlọ́, ẹni tó pawó kò sin owó. Jésù ní òun yóò sọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn di apẹja ènìyàn, a ò gbọ́ pé ẹnì kan tìtorí ẹ̀ sá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Apẹja tó lọ sódò láàárọ̀ tó bọ̀ lálẹ́ lọ́wọ́ òfo, kí la ń sọ? "Ó lọ pẹja." Ẹja kankan kò kú, ọ̀rọ̀ náà sì pé.

"Mẹ́ja" ní wàhálà tirẹ̀. Bí mo bá bi àwọn ọmọ ilé mi pé "Ta ló mẹ́ja?", inú ìkòkò ọbẹ̀ ni gbogbo wọn máa wò. Bó bá sì di dandan ká yẹra fún "pa", "dẹdò" àti "adẹdò" ti wà ńlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan "mẹ́ja". Fún ẹni tó ń lo ìwọ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó ń da àwọ̀n, "afìwọ̀pẹja" ṣe kedere tó.

Àríyànjiyàn lórí "pa" dùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ń dun ẹja. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fura sí ni "tú sílẹ̀" tí à ń lò fún fífi ẹja sómi lẹ́yìn ìwọ̀n, èyí tí gbogbo wa gbà wọlé láìjà.

Ray Scott, tó ń ta ìwé adójútòfò ní Montgomery kó tó di baba ìdíje báàsì, ló pe ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ ní Beaver Lake, ìpínlẹ̀ Arkansas, ní 1967. Láyé ìgbà yẹn, ẹja òkú ló sábà ń dé orí òṣùwọ̀n. Ní 1972 ló gbé ètò tuntun kalẹ̀: kí wọ́n gbé ẹja wá láàyè, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tú u sómi. Títí dòní, nínú ìdíje Bassmaster, ti ẹgbẹ́ tí Scott dá sílẹ̀, ẹja 5 ni apẹja lè gbé wá, èyíkéyìí tó bá kú kó tó dé orí òṣùwọ̀n, wọ́n á yọ áúńsì 4 kúrò nínú ìwọ̀n rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ju òkú nù kó fi ààyè rọ́pò rẹ̀. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tó parí sí: ojú òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo báàsì kan lóṣù Keje. Ó gbé ìwọ̀ láàárọ̀, ó jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n jù ú sínú àpótí omi pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn. Ọkọ̀ ń sáré, oòrùn ń mú, omi inú àpótí ń gbóná. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ inú ooru gan-an ni ẹja máa ń nílò rẹ̀ jù. Wọ́n ń bì, wọ́n ń ṣu, omi ń dọ̀tí. Nígbà tí àkókò ìwọ̀n tó, wọ́n dà wọ́n sínú àpò ike pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó gbé wọn tò sórí ìlà, ó ń bá àwọn èèyàn ya fọ́tò. Ẹja ńlá márùn-ún nínú àpò kan, ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi ń mí ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n ju ìrù, wọ́n lọ. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, méjì nínú wọn ti léfòó lábẹ́ afárá, ikùn wọn ń wo ọ̀run.

Àwọn onímọ̀ ẹja mọ ikú yìí dáadáa. Mo dábàá pé ká máa pè é ní "ikú ẹ̀yìn òṣùwọ̀n". Kò yọ áúńsì kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ẹja náà á ṣì máa sọ pé òun tú u sílẹ̀, kò sì purọ́, nítorí "tú sílẹ̀" kò sọ ju ohun tí ọwọ́ ṣe lọ.

Ẹnìkan níbí ti ní ká fi "dá padà" rọ́pò rẹ̀. Ó sàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ òótọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ẹja lè jìn gan-an síbi tí wọ́n ti mú un, ẹ̀bá ibi òṣùwọ̀n náà sì ni wọ́n ń tú púpọ̀ nínú wọn sí. Ó tún wá burú sí i nígbà ìyé ẹyin. Akọ báàsì ló máa ń ṣọ́ ìtẹ́, abo á yé, á lọ. Bí wọ́n bá gbé akọ yẹn kúrò, àwọn ẹja kéékèèké tó ti ń rá bàbà láyìíká á ya bo ẹyin náà. Kí akọ tó mọ ọ̀nà ilé, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó kù láti ṣọ́. Ṣé "ìdápadà" nìyẹn? Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá iṣẹ́ mu ni ìdíje irú ti Major League Fishing, ẹgbẹ́ ìdíje mìíràn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje wọn, Bass Pro Tour, ní 2019, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ẹja lójú adájọ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń padà sínú omi tó ti jáde. Bí apẹja bá sì jẹ́ kí ẹja já bọ́ sílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á dá a dúró fún ìṣẹ́jú 2 láìju ìwọ̀. Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú 2 dun apẹja ju ìwàásù lọ.

Nítorí náà, mo fẹ́ ká ya mẹ́ta sọ́tọ̀. "Tú sílẹ̀" ni ti ọwọ́. "Dá padà" ni ti ibùdó. Èyí tí Ray Scott ń wá gan-an ni "dá sí", bí a ṣe ń sọ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹnì kan sí. Ẹni tó bá tú ẹja sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹja náà kú lọ́jọ́rú, kò lè sọ pé òun dá a sí. Èdè fúnra rẹ̀ á kọ̀ fún un. Ìkéde 1972 yẹn náà á wá rọrùn: "Ẹ pẹja, ẹ dá a sí." Bàbá, ẹ wò ó, "pa" wà níbẹ̀, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Àbá kejì tí mi ò fara mọ́ ni "apẹja ọmọlúàbí", kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ "ẹni tó ń dá ẹja sí". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìtumọ̀ ni kò gbòòrò tó. Ọdún 1925 ni wọ́n gbé báàsì ẹlẹ́nu ńlá láti Amẹ́ríkà lọ sí Japan. Ó dé adágún Biwa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja onílé run. Láti 2003, òfin ìpínlẹ̀ Shiga ti ní ẹni tó bá mú báàsì ní Biwa kò gbọdọ̀ dá a padà sómi. Adágún yìí kan náà ni Manabu Kurita, apẹja ará Japan, ti mú èyí tó bá ti George Perry, báàsì ẹlẹ́nu ńlá tó wúwo jù lọ nínú àkọsílẹ̀, dọ́gba ní 2009, pọ́n-ùn 22 àti áúńsì 4, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá láti 1932 tí Perry ti mú tirẹ̀ ní Georgia. Ohun tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí ní Alabama, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Biwa. Ẹ jẹ́ ká lo "apẹja ọmọlúàbí" fún ẹni tó ń pa òfin omi tó wà lórí rẹ̀ mọ́, tí kì í sì fìyà jẹ ẹja, yálà yóò dá a sí tàbí yóò jẹ ẹ́. Ní ti òdìkejì rẹ̀, a ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà tí wọ́n la ikùn ẹja ní ìdíje kan ní Cleveland ní 2022, tí òjé tí wọ́n fi mú un wúwo ń jáde níbẹ̀ (ẹja walleye nìyẹn, kì í ṣe báàsì), tí àwọn méjì tó ni ẹja náà sì fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá jura, òjóró la ti ń pe irú ẹ̀ láti kékeré.

Ó ku àpótí omi inú ọkọ̀. "Kànga ààyè" tí wọ́n dábàá fún "livewell", Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá yẹn. Kànga, ilẹ̀ la ń gbẹ́ ẹ sí, omi la sì ń fà níbẹ̀, a kì í kó ẹja sí i. "Àmù" ni mo mú wá. Àmù máa ń mú omi tutù, a máa ń dé e, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ onílé. Ohun tí àpótí yìí sì wà fún gẹ́lẹ́ nìyẹn: kí ẹ̀rọ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láìdáwọ́ dúró, kí omi ibẹ̀ tutù díẹ̀ ju ti adágún lọ nígbà ooru. Díẹ̀ ni mo wí o. Ẹni tó bá da yìnyín kún un lẹ́ẹ̀kan náà ti fi òtútù pa ohun tó ń sá oòrùn fún. Yìnyín omi ẹ̀rọ tún ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi, ara ẹja kò sì gbà á, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ju ìgò omi dídì tí a dé pa sínú rẹ̀. "Àmù ẹja", ó tó.

Àǹtí wa ní Èkó ní "ìtọ́jú ẹja" ń kó òun lẹ́rù, pé bí wọ́n bá ní kí òun tọ́jú ẹja, iyọ̀ àti fírísà ni òun máa wá. Wọ́n jàre. Ẹni tó bá ti dúró ti abọ́ àrọ̀ ní ọjà rí, tó nàka sí èyí tó fẹ́, mọ̀ pé kì í pẹ́ sí i tí "ẹja ààyè" fi ń dẹ́kun jíjẹ́ ààyè. Síbẹ̀ mi ò rò pé ó yẹ ká sá fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣáà kọ "ìtọ́jú ẹja láàyè", kí ìyá má baà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata.

Yíyọ kékeré kúrò nínú àmù kí a lè fi ńlá sí i, "pààrọ̀" ti tó. Èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí ni abẹ́rẹ́. Báàsì tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ jíjìn, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń wú, kò ní lè wọlẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa fì sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ tú u. Wọ́n dábàá "gígún ẹja". Ẹ má ṣe é! Ọmọdé tó bá kà á á gún ẹja lóòótọ́, ibi tó bá sì gún lè jẹ́ ẹ̀dọ̀. "Títú afẹ́fẹ́" ni kó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé náà fún ìyá, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Fi omi rin ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kan ẹja, kí ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ má baà hó. Bí o bá di ètè rẹ̀ mú, fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, má jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ̀ nìkan gbé gbogbo ara. Má gbé e sílẹ̀ ọkọ̀. Má pa ẹ̀rọ àmù nígbà tí ẹja bá wà nínú rẹ̀. Má dà á sínú àpò títí wọn yóò fi pè ọ́ síbi òṣùwọ̀n. Títú afẹ́fẹ́, àgbàlagbà tó ti kọ́ ọ ni kó ṣe é." Èyí tó kù, ẹ gbé e wá síbí, a ó jọ tún un ṣe.