Ìdáhùn sí "aago atọ́nà": ta ló ń tọ́ ta sọ́nà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ aago yìí. Ṣùgbọ́n mo jí lówùúrọ̀ yìí, mo rí i pé Bàbá Kúbwà ti fi lẹ́tà kẹrin ránṣẹ́, wọ́n ní "ọ̀rọ̀ ti parí, aago atọ́nà ni, ẹ jẹ́ ká máa lò ó." Kò parí o, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ní Gwarinpa, ní Àbújá níbí, ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe aago ọwọ́ tí àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gun òkè máa ń wọ̀, irú ti Garmin tàbí Suunto, èyí tó "ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀", tó ń ka ẹsẹ̀ téèyàn gbé àti bí ọkàn ṣe ń lù. Bàbá Kúbwà sọ ọ́ ní aago atọ́nà. Ọ̀gá kan láti Ìlọrin ní ká yọ "aago" kúrò níbẹ̀ pátápátá, "atọ́nà-ọwọ́" ló yẹ ẹ́, torí pé àsìkò wíwò ló kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Atọ́nà ni ẹni tó mọ ọ̀nà, tó wá ń fi hàn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Aago ọwọ́ mi yìí kò mọ ọ̀nà kankan. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àwọn tá a jọ máa ń rìn lọ yí adágún Jábì ká. Mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sátẹ́láìtì, nǹkan kékeré kan ń yí bírí lójú rẹ̀. Àwọn yòókù ti ń lọ, èmi náà kò dúró. Nígbà tí mo délé, tí mo wo ohun tó yà sórí fóònù, ìlà pupa kan ni, tín-ín-rín bí ọ̀nà ìjàlọ, ó gba etí omi yí po. Àfi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Níbẹ̀, àárín adágún gan-an ló gbé mi sí, bí ẹni tó ń rìn lórí omi. Ìyàwó mi wò ó, ó ní ẹ kú iṣẹ́ ìyanu. Ibi tí mo ti yà, ìlà náà yà. Ibi tí mo dúró ra àgbàdo sísun, ó ṣe kókó kékeré síbẹ̀, ó ń dúró dè mí kí n san owó tán. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn báyìí, kí là ń pè é?

Atọpa ni. Aago atọpa ni èmi pè é.

Wàyí o, gbólóhùn tó jẹ́ kí n gbé kálámù gan-an nìyí, ó wà nínú lẹ́tà kejì Bàbá Kúbwà: "tọ́ tàbí tọ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n, ohùn lásán ló yàtọ̀." Ohùn lásán! Láti ẹnu ẹni tó fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ títí tó fi fẹ̀yìn tì! Ohùn òkè ni ti tọ́: a tọ́ ọmọ, a tọ́ èèyàn sọ́nà. Ẹni tó ń tọ́ ni ń ṣáájú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti tọ̀: ó tọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó ń tọ̀, ẹ̀yìn ló wà. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá sì pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló ń dà, bí rà ṣe ń di ra nínú "ra ẹran". Tọ̀ pàdé ipa, ó di tọpa. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ni ohùn kan ṣoṣo yẹn pààrọ̀.

Ẹni tó ní ká fi "atọ̀nà" parí ìjà, ká gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èmi kò rí àléébù nínú gírámà rẹ̀, ọ̀nà náà ló ń tọ̀. Ṣùgbọ́n kó lọ pè é sókè níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Kó tó dé "nà", wọn á ti máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wa láti Ìlọrin ní kí "ọmọ Jọ́ọ̀sì" má kọ́ òun ní ohùn, pé Haúsá ti wọ inú Yorùbá mi. Ó dáa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà ní Jọ́ọ̀sì, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gba òkè ọya lọ ṣòwò. Bàbá kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, awò kan lójú, tó ń fi irin tín-ín-rín tú aago palẹ̀ sórí aṣọ funfun. "Mai gyaran agogo" là ń pè é. Ẹ gbọ́ bí Haúsá ṣe ń pe aago: agogo! Ọ̀rọ̀ tiwa tí àwa fúnra wa ti gbé g rẹ̀ jẹ, òun ló wà lẹ́nu wọn ní pípé. Ta ni èdè rẹ̀ wá wọ inú ti ta? (Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣì máa sọ pé aago kò ti inú agogo wá. A ti jà á lọ́dún tó kọjá, n kò jà á mọ́.) Àti pé Ìlọrin fúnra rẹ̀, àríwá ni ìjọba kà á sí. N kò wí nǹkan o.

Ọ̀rọ̀ pé ká yọ "aago" yìí ló tún dùn mí jù. Kí lẹ rò pé àwọn sátẹ́láìtì yẹn gbé lọ sókè? Aago ni! Láti èyí tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ sọ sójú òfuurufú ní 1978, aago ni ọkàn iṣẹ́ GPS, ètò sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó wà. Wọ́n wà ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè, wọ́n ń kéde: ibi báyìí ni mo wà, àsìkò báyìí ló lù lọ́dọ̀ mi. Aago ọwọ́ gbọ́, ó ṣírò bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ó fi mọ bó ṣe jìnnà tó. Ó kéré tán, ó fẹ́ gbọ́ ti mẹ́rin kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí lẹ wà. Bí ìṣírò àsìkò náà bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, 300 mítà ni. Èmi tí n kò dúró lẹ́nu géètì, ẹ ti rí ibi tó gbé mi sí. Ẹ wá yọ aago kúrò lórúkọ rẹ̀?

Àbúrò wa ní Gwarinpa, ìwọ náà, aago yìí kì í bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ ni, kò sì ń fèsì. Sátẹ́láìtì gan-an ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn àgbà tó fún rédíò lórúkọ yẹn ti jókòó tì í, wọ́n ti gbọ́ ọ, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti dá a lóhùn nínú wọn, tí kò yà sí i. Orúkọ tiwa lóde òní, orí tábìlì la ti ń sọ ọ́. Bàbá Kúbwà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣé ẹ ti wọ aago náà rí?

Àbúrò bàbá mi, ọdẹ ni. Bí mo bá lọ lo ìsinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa ń mú mi lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi orí igi kan koríko kan, kò sọ̀rọ̀. Koríko náà ti wó, ìrì kò sí lórí ẹ̀, ìrì sì wà lórí gbogbo èyí tó yí i ká. Ẹtu ti gba ibẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí. Ipa rẹ̀ ni mò ń tọ̀." Gbogbo ohun tí mo ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Mo mọ ohun tí Bàbá Kúbwà máa fà yọ: pé ọmọ wọn sọnù lẹ́yìn òkè Kàtàmpé, ọfà ojú aago rẹ̀ ló mú un padà. Mo gbọ́. Ipa tí ọmọ náà ti gbà lọ ni aago tọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi máàpù sínú rẹ̀ ńkọ́, tó ní kó mú òun lọ síbi tí òun kò dé rí? Níbẹ̀, mo gbà fún wọn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Ìyàwó mi náà kò fọwọ́ sí orúkọ tèmi. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ń tọpa, kí n máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kí fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun.

Ní ti ìjà "ìgbésẹ̀" àti "ìṣísẹ̀", èwo ni ká máa pe ẹsẹ̀ tí aago ń kà, ìṣísẹ̀ ni mo fara mọ́. Àwọn oníròyìn ti lo ìgbésẹ̀ gbó, ìjọba nìkan ló ń gbé e. Iná àwọ̀ ewé tó ń tàn ṣẹ́ṣẹ́ lábẹ́ aago, tó ń wọ awọ ara lọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rú, tó sì ń ti ara rẹ̀ ka lílù ọkàn, ẹnikẹ́ni kò tíì fún un lórúkọ. Kí Bàbá Kúbwà má tíì kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n yá aago ọmọ wọn wọ̀ ná.

Wọ́n ti ń fun fèrè mọ́tò níta. Kàtàmpé la fẹ́ gùn kí oòrùn tó mú. Mo máa dúró de sátẹ́láìtì lónìí.