Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìpolówó ọṣẹ dúdú yìí o
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àǹtí mi ń po ọṣẹ dúdú ní Ìkòròdú níbí, èmi ni mò ń bá wọn polówó ẹ̀ lórí Facebook. Bọ̀bọ́ tó ń bá wa ṣe fídíò wá ní ká kọ ọ́ pé ó ń wo làpálàpá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó tún fẹ́ lo fọ́tò ẹni tí ò fọwọ́ kan ọṣẹ wa rí, ọkàn mi ò gbà á rárá. Òfin tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò, ti 2018, lòdì sí kéèyàn fi irọ́ tajà, ti ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó, ti 2022 sì ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Àmọ́ àǹtí ní gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn tí ò ní jọ àrífín? Kí la sì lè kọ tí oníbàárà á fi wá láìpurọ́? Ẹni tó bá ti gbàṣẹ ìpolówó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.