Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi tú NOTAM (ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ fáwọn páílọ́ọ̀tì) yìí?

Ọmọ Alákia:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ dispatcher, ẹni tó ń bá páílọ́ọ̀tì ṣètò ìrìnàjò bàálù, ni mò ń kọ́ n'Ìbàdàn níbí, ìdánwò wa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí ni olùkọ́ wa kọ sójú pátákó fún ìdánrawò:

A) DNIB B) 2503100600 C) 2503141700 EST D) DAILY 0600-1700 E) RWY 04/22 CLSD DUE WIP

Mo mọ̀ pé DNIB ni pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn, RWY sì ni runway, ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé kó tó gbéra tàbí tó bá balẹ̀. Ìyókù ńkọ́? Kí ni EST ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ramp:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. B ni ìbẹ̀rẹ̀, C ni ìparí. Ka nọ́ńbà yẹn ní méjì-méjì: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú. CLSD, wọ́n ti í pa. DUE WIP, nítorí pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Àkókò gan-an ni kó o ṣọ́ra fún. UTC, àkókò tí gbogbo àgbáyé jọ ń lò, ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wákàtí kan ni tiwa sì fi ṣáájú. Nítorí náà, agogo méje àárọ̀ ni wọ́n ń tì í, ó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣí i, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ka 1700 sí agogo márùn-ún wa, á dé òkè Alákia nígbà tí katakata ṣì wà lórí runway. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí páílọ́ọ̀tì tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ.

EST ní tiẹ̀, wọ́n kàn fojú bù ú ni. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, má rò pé iṣẹ́ ti parí. NOTAM mìíràn gbọ́dọ̀ jáde: NOTAMR tó máa rọ́pò rẹ̀, tàbí NOTAMC tó máa fagi lé e. Wá a kàn kó o tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Àríkẹ́ Bódìjà:
Ẹ fi U/S kún un. Bí ẹ bá rí ILS U/S, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà láti balẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ọmọ Alákia:
Ẹ ṣeun gan-an ni. HJ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ramp:
Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí dìgbà tó bá wọ̀. H24 ni tọ̀sán-tòru. Inú ìwé Doc 8400 ti ICAO, àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ni gbogbo wọn wà, òun ni kó o máa kà báyìí.