Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dẹwọ́ lágbede méjì iṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí nílé-ẹ̀kọ́ girama. Ìlẹ̀kẹ̀ sísín ni mo fi ń ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe purotéènì: tRNA, agbẹ́rù inú sẹ́ẹ̀lì, ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ (ìyẹn amino acid) wá, ribosome, ẹ̀rọ tó ń sín in, ń ka lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta lára mRNA (ẹ̀dà ìlànà tó wá láti inú jíìnì), ó ń sín in lọ. Èyí yé wọn, wọ́n tilẹ̀ ti jí díẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ eEF2, purotéènì kan tó ń ran ribosome lọ́wọ́, ló dójú rú. Òun ló ń ti ribosome síwájú lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, GTP, èròjà tó ń gbé agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí agbára bá lọ sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù kan, eEF2K, á lẹ fọ́síféètì (èròjà kékeré kan) mọ́ eEF2, iṣẹ́ á falẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ń jẹ fọ́síféètì alágbára (irú èyí tó wà lára GTP) bíi 4, nítorí náà ìṣúnná ni fífalẹ̀ náà. Mo tún fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ṣàpèjúwe. Ni ọmọ kan bá ní, “Tíṣà, ṣé kò wá sàn kó má bẹ̀rẹ̀ rárá?” Ẹnu mi wọhò.

Ẹ jọ̀ọ́, èrè wo ló wà nínú kí sẹ́ẹ̀lì dẹwọ́ sísín tó ti bẹ̀rẹ̀, dípò kó kàn dá ìbẹ̀rẹ̀ dúró? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.