Dádì fẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù láàárín òkè, ibo ló yẹ ká mú wọn lọ?

Àdùnní Ìtókò:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Dádì wa máa pé ọdún 70 lóṣù kejì tó ń bọ̀, àwa ọmọ sì ti ń dáwó jọ, àmọ́ wọ́n láwọn ò fẹ́ páátì, àwọn ò fẹ́ aṣọ ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ náwó fún olórin kankan, ibi tí òkè yíká tí pápá gọ́ọ̀fù wá wà nísàlẹ̀ láàárín ẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n làwọn fẹ́ lọ, káwọn gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan káwọn sì padà wálé. Mọ́mì ní ṣé Olúmọ ò ga tó ni, pé ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta tó tún wọ bàálù lọ sanwó wo àpáta ẹlòmíì, ó yẹ ká bá a yẹ orí ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn náà ti ń bi mí irú bàtà táwọn máa wọ̀ lọ o 😂

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní South Africa, àbúrò mi ní Kenya, èmi ní kí ló dé tá ò kúkú lọ Obudu níbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá sí i. Ọwọ́ òsì ni dádì fi ń gbá, orúnkún wọn kan máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, mọ́mì ò gbá gọ́ọ̀fù, òtútù ò sì bá wọn lára mu rárá. Ẹ má ní kí n lọ wo YouTube, mo ti wò ó títí ojú ń ta mí.

Ọmọ Kútọ̀:
Obudu rẹwà, kò sírọ́ ńbẹ̀, mítà 1,576 ló fi ga ju òkun lọ, ẹ lè dé òkè kẹ́ ẹ máa wo kùrukùru nísàlẹ̀. Àmọ́ orí òkè gan-an nibẹ̀ wà, ohun tí dádì ń sọ ni pé káwọn wà nísàlẹ̀ kí òkè yí àwọn ká, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Gọ́ọ̀fù ibẹ̀ náà kàn tẹ̀ lé òkè lẹ́yìn ni. Tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sílẹ̀ ní Calabar, ọ̀nà mọ́tò tó kù tó bíi wákàtí mẹ́fà, ṣé orúnkún yẹn lẹ fẹ́ ká kó sínú mọ́tò tó báyẹn? Tówó bá ní ẹ má kúrò ní Nàìjíríà, ẹ mú wọn lọ Uyo jàre. Ibom Air ń gbéra l'Ékòó, pápá ibẹ̀ ihò 18 ni, òtẹ́ẹ̀lì wà lórí ilẹ̀ kan náà, kò sí òkè gidi ṣá o, ilẹ̀ kàn ń ga ó ń rẹlẹ̀ ni.

Kádì Àtijọ́:
Àǹtí Àdùnní, mo ti gbé àpò fáwọn bàbá olówó l'Ábẹ́òkúta níbí, mo gbé e ní Jos náà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí fọ́tò ò ní sọ fún yín. Níbi tílẹ̀ bá ti ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù á máa fò kọjá ibi téèyàn fojú sí. Ní Jos tó ga tó bíi mítà 1,200, àwọn ọ̀gá tó bá t'Ékòó wá, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nílé náà ni wọ́n máa fà yọ, bọ́ọ̀lù á fò kọjá green, ìyẹn ibi koríko kúkurú tí ihò wà, á wọ igbó, wọ́n á wá yíjú sí kádì bíi pé kádì ló gbá a. Naivasha ní Kenya tún ga ju Jos lọ dáadáa. Kí dádì máa mú igi tí kò lágbára tó èyí tọ́kàn wọn kọ́kọ́ sọ, àyàfi láàárọ̀ kùtù tí òtútù bá ṣì mú, torí bọ́ọ̀lù tó tutù kì í fò jìnnà.

Green tó bá wà lẹ́bàá òkè máa ń tan ojú jẹ. Wọ́n á lóṣòó tì í, wọ́n á ní ó tẹ́jú, wọ́n á rọra tì í, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sápá ìsàlẹ̀ àfonífojì, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn yẹn ló ń da ojú rú. Kádì ibẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ tiẹ̀. Mo mọ àwọn bàbá wa, wọ́n á ní ìgbà wo ni wọ́n bí ẹ, wọ́n á wá máa ti bọ́ọ̀lù kan náà títí táwọn tó wà lẹ́yìn á fi máa húkọ́.

Ti orúnkún, sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa á, kì í ṣe gígòkè. Ẹ gba ọkọ̀ gọ́ọ̀fù sílẹ̀ látilé, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ó lè wọ orí koríko, torí tójò bá rọ̀, ọ̀pọ̀ pápá ló máa ń ní kí ọkọ̀ má kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni dádì á fi rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ ọwọ́ òsì yẹn ló ká mi lára jù. Igi tí wọ́n ń háyà fún àlejò, ti ọwọ́ ọ̀tún ló pọ̀ jù, ẹ lè débẹ̀ kí wọ́n kó igi mẹ́ta péré jáde fún yín. Kí dádì gbé tiwọn dání. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wọ orí àwọn igi ńlá, ẹ ki táwẹ́ẹ̀lì sáàárín wọn, kẹ́ ẹ wá ti igi mọ́ọ̀pù kan tó gùn ju gbogbo wọn lọ bọ àpò. Tí wọ́n bá dorí àpò yẹn kodò jù sílẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, igi mọ́ọ̀pù ló máa fi orí gbálẹ̀.

Ìyàwó Agbágọ́ọ̀fù:
Ẹ̀yin ọkùnrin sọ̀rọ̀ igi tán, kò sẹ́ni tó rántí mọ́mì. Ọkọ mi ló ń gbá a, èmi kì í gbá a, mo sì mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n já èèyàn sílẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì látàárọ̀ kó máa ka páálí àjà.

Tó bá jẹ́ dádì nìkan ló ń lọ, mi ò ní jiyàn, South Africa ni, ní Champagne Valley lábẹ́ àwọn òkè Drakensberg. Pápá ihò 18 wà níbẹ̀, Cathkin Peak tó ga ní mítà 3,149 á dúró gbagidi lókè, Champagne Castle tún ga jù ú lọ, mítà 3,377. Ohun tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n gan-an nìyẹn. Àmọ́ òjò tiwọn ló wà lóde lóṣù kejì, ààrá ń sán lọ́sàn-án, tí wọ́n bá sì ti ní kẹ́ ẹ kúrò lórí pápá ẹ ò gbọdọ̀ jiyàn, ẹni tó na irin sókè ní gbangba nígbà tí mànàmáná ń kọ, kí ló tún ń wá? Àfi kí wọ́n tètè gbá tiwọn láàárọ̀. Láti Johannesburg, wákàtí bíi mẹ́rin sí márùn-ún nínú mọ́tò.

Pẹ̀lú mọ́mì o, Kenya. Oṣù kejì, ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀, bàálù ń lọ tààrà láti Èkó sí Nairobi, Naivasha ò sì jìnnà síbẹ̀, kò ju bíi kìlómítà 90. Pápá ihò 18 tó wà ní Great Rift Valley Lodge, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Eburru ló wà, ẹ ó máa wo adágún odò Naivasha nísàlẹ̀, zebra ń jẹko lórí pápá bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Àké. Kí dádì máa gbá tiwọn lọ, kí mọ́mì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erinmi, lọ́jọ́ kejì ẹ mú wọn lọ Hell's Gate lọ wo àwọn àpáta pupa, wọn ò ní rántí pé àwọn ń bínú. Àṣálẹ́ ibẹ̀ tutù o, súẹ́tà gidi ni kí wọ́n mú, kì í ṣe kádígàn ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ ẹ sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, wọ́n máa bèèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ yín.

Àdùnní Ìtókò:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti àǹtí sí mọ́mì létí, zebra ló wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ní erinmi kọ́ o, àwọn á máa wò ó láti etí odò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kùn nípa South Africa, yóò gbọ́ tiwa. Bọ̀dá Kádì, igi mọ́ọ̀pù yẹn, ṣé ká gé e ni àbí ká tì í bẹ́ẹ̀?

Kádì Àtijọ́:
Ẹ gé e o àǹtí mi. Ẹ gbé driver dádì, ìyẹn igi tó gùn jù nínú àpò wọn, dúró tì í, kí igi yẹn fi ìka méjì ga jù ú lọ, kẹ́ ẹ wá fi àkísà di orí ẹ̀ kó má bàa dá àpò lu. Kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo ẹ̀ lé ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, àwọn tó ń wọn ẹrù ní ẹ́pọ́ọ̀tù ò mọ ọjọ́ ìbí bàbá ẹnikẹ́ni.