Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìgbín mi nínú ọyẹ́ yìí

Ẹ kú ọdún o, ọdún á yabo fún gbogbo wa. Láti ìgbà tí a ti kó kúrò l'Ékòó wá sí Ọ̀yọ́ ni mo ti ń dáko sẹ́yìn ilé. Ara le, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, nítorí mò ń lo oògùn déédéé. Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdìrẹ, ìkòkò aró ti gba ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbín ló ń dùn mí lọ́kàn. Bí ọgọ́ta ni mo ní. Bí ọyẹ́ ṣe dé, wọ́n wọnú ìkarahun lọ, wọ́n fi nǹkan funfun bí awọ dí ẹnu rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sùn lẹ́ẹ̀rùn nìyẹn, kí omi ara wọn má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ti kú, ìkarahun wọn fúyẹ́, ó sì ń rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sin ìgbín tipẹ́, ṣé kí n máa wọ́n omi sí wọn lálaalẹ́ kí wọ́n lè jí jẹun, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ di òjò àkọ́rọ̀? Mo ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí èyí tó kù má baà bá a lọ.